Pínpín Ìmọ̀ Ìtọ́jú Àwọn Ọmọdé tí ó ní Kòkòrò HIV Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára: Àpẹẹrẹ Ètò ECHO

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣègùn mu gan-an. Nínú ìtọ́jú ọmọdé tí ó ní kòkòrò HIV, àìsí oògùn nìkan kọ́ ni ó ń fa ikú. Nígbà mìíràn, ìmọ̀ tí ó lè gba ọmọ là ti wà ní ìlú ńlá, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ìyá gbé ọmọ náà wá bá ní ìgbèríko. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí ètò tí wọ́n ń pè ní ECHO ṣe ń lo ẹ̀rọ ayélujára láti dí àlàfo yìí, àti ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ìdí tí Ìmọ̀ fi Gbọ́dọ̀ Tètè Dé

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé bí ọmọ tí ó kó kòkòrò yìí láti ara ìyá rẹ̀ kò bá rí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò kú kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí CHER, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, fi àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 wé àwọn tí oògùn tiwọn dúró di ìgbà tí àìlera fi ojú hàn. Ikú fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pa ìmọ̀ràn rẹ̀ dà. Òṣìṣẹ́ tí ìròyìn yìí kò dé etí rẹ̀ yóò máa ní sùúrù níbi tí sùúrù ti ń pa ọmọ.

Àyẹ̀wò pàápàá gba ìmọ̀. Èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún àgbà kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara ń pèsè láti bá a jà ni ó ń wá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di oṣù 18. Nítorí náà, àyẹ̀wò yìí lè ní ọmọ ní kòkòrò nígbà tí kò ní in. Àyẹ̀wò tí ó ń wá kòkòrò gan-an ni ó yẹ ọmọ ọwọ́: wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé pàtàkì kan, wọn yóò sá a kí ó gbẹ, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò.

Oògùn náà kò dúró sójú kan. Bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i ni ìwọ̀n oògùn rẹ̀ ń yí padà. Oògùn olómi lopinavir tí ọ̀pọ̀ ọmọdé lò tẹ́lẹ̀ korò, ó sì nílò ibi tútù fún ìpamọ́. Ní ọdún 2020, wọ́n fọwọ́ sí dolutegravir oníhóró tí ó ń yọ́ nínú omi fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n sì wọn kìlógíráàmù 3 ó kéré tán. Nàìjíríà àti Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ṣáájú àkókò yìí gbọ́dọ̀ tún un kọ́.

Bí Ètò ECHO Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Àìsàn mìíràn ni ó bí ètò yìí. Ní ọdún 2003, Dókítà Sanjeev Arora ti Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tí ó ní kòkòrò hepatitis C tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí òun. Dípò kí aláìsàn máa rìnrìn àjò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ṣe ìpàdé lórí ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán àti ohùn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 lórí aláìsàn 407 fi hàn pé ìdá 57.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìwòsàn ní yunifásítì, ìdá 58.2 sì ni ní ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ lè rin ìrìn àjò náà kí ó sì dé láìdín.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Namibia bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí fún ìtọ́jú HIV ní ibùdó mẹ́wàá. Ilẹ̀ Namibia fẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀, ibùdó ìlera sì jìnnà síra. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kópa jẹ́rìí pé ìmọ̀ wọn pọ̀ sí i, àti pé iṣẹ́ kò tún dà bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó ń dá a ṣe.

Bí Ìpàdé Kan Ṣe Ń Lọ

Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú, òṣìṣẹ́ kan yóò gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan kalẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, nọ́ọ̀sì lè sọ nípa ọmọdébìnrin kan tí ó ń lo oògùn, síbẹ̀ tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dín kù. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé e: Ta ni ó ń fún ọmọ ní oògùn? Ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn? Ǹjẹ́ ó máa ń pọ̀ ọ́ dànù? Nọ́ọ̀sì ibòmíràn lè rántí ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Lẹ́yìn èyí ni onímọ̀ yóò dá sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Ètò yìí ní ìkùdíẹ̀-káàtó tirẹ̀. Iná lè lọ, ayélujára lè má dúró, iṣẹ́ sì lè má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ráyè jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ̀ kò lè dípò oògùn tí kò sí lórí pẹpẹ.

Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́

Lákọ̀ọ́kọ́, ìṣòro gidi ni ó ń mú ẹ̀kọ́ wọni lára. Ẹ̀kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe agbè òfìfo tí olùkọ́ ń rọ omi sí. Ẹ̀kẹta, tí ó kan àwọn olùkọ́ Yorùbá jù, ni ọ̀rọ̀ èdè. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe éèdì ní àrùn kògbóògùn. Nígbà tí orúkọ yìí jáde, ó bá ìrírí àwọn ènìyàn mu. Lóòótọ́, oògùn kò tíì lè lé kòkòrò náà kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè tẹ̀ ẹ́ rì débi pé ọmọ yóò dàgbà, yóò kàwé, yóò sì di òbí. Ìyá tí ó gbọ́ pé àrùn ọmọ òun kò gbóògùn, tí wọ́n tún ní kí ó máa fún un ní oògùn lójoojúmọ́, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí ó ń bá ara wọn jà.

Ìkádìí

Ètò ECHO fi hàn pé ìmọ̀ lè dé ibi tí onímọ̀ kò lè dé. Síbẹ̀, ìrìn rẹ̀ kò tíì parí ní ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó kù kí ó ti ẹnu nọ́ọ̀sì dé etí ìyá ní èdè tí ìyá gbọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè ti bẹ̀rẹ̀.