Bí Ọkọ̀ Wa Bá Yà sí Ìlú Onílùú

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn kí ó tún padà, oorun ọ̀nà di dandan fún un. Lóde òní, bí a bá gbéra ní ìdájí, a ó jẹun ọ̀sán ní Ìsẹ́yìn, a ó sì padà sùn sórí ibùsùn wa. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tí ó gùn tó kìlómítà 65, tí ìjọba tún ṣe láìpẹ́ yìí, ti mú kí ìrìn náà dẹrùn púpọ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé mọ́tò wa ń dé ìlú onílùú kí ìwà wa tó dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dá owó epo jọ. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìrìn àfẹ́ kì í ṣe ẹrù tí olùkọ́ kan lè dá gbé. (Ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá dá owó kì í sùn nínú ọkọ̀.) Kí a tó ṣí, mo kí awakọ̀ wa pé, “Ọkọ̀ á rèfó o!” Ó dáhùn pé, “Àṣẹ.” Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan nínú wọn rò pé ẹ̀fọ́ ni mo ní kí ó lọ rà.

Ní Ìsẹ́yìn, ìró òfì ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Àwọn ọkùnrin jókòó lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n na òwú gbọọrọ síwájú, wọ́n sì fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀ kí ó lè le. Ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ ń ti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ọwọ́ òsì. Aṣọ tí ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbà tí a bá rán ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ ni yóò tó di agbádá.

Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan nínú wa ti yọ fóònù, ó ti ń ya àwòrán bàbá àgbàlagbà kan. Bàbá náà gbé ọ̀kọ̀ lé itan, òfì rẹ̀ sì dákẹ́. Ti àwọn tí ó jókòó tì í náà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí, nítorí èmi ni olùkọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.” Kò dá mi lóhùn. Ọmọ náà ni ó kọjú sí, ó ní, “Ọmọ mi, bí o bá wọ ilé bàbá tó bí ọ, ṣé àwòrán rẹ̀ lo máa ń kọ́kọ́ yà?”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìgbà náà ni bàbá rẹ́rìn-ín, tí ó ní, “Ẹ kú ìrìn o,” tí ó sì ní kí wọ́n bu omi wá fún wa.

Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn èyí kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni. Ó fi ẹtù tí a pa láró hàn wá, ó fi àlàárì pupa hàn wá. Nígbà tí ó kan sányán, ó lọ gbé ògbólógbòó kan wá láti inú àpótí, nítorí òwú rẹ̀, tí a ń rí lára ilé kòkòrò inú igbó, ti wọ́n. Òwú dídán tí a rà lọ́jà ni èyí tí ó pọ̀ jù lórí òfì wọn báyìí. Ó ní nínú ọmọ mẹ́fà tí òun bí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó jókòó ti òfì, aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe àfarawé òfì sì ti ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ìyẹn náà. Ọmọbìnrin tí mo wí yìí ni ó béèrè bóyá obìnrin lè kọ́ ọ. Bàbá sún sẹ́yìn, ó ní kí ó jókòó. Fún bí ìdajì wákàtí ni òwú fi ń já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí èyí ni a kò fi dé Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ wà lórí òkè. Èmi kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìlú márùn-ún lọ́jọ́ kan, títì ni yóò rí.

A gba Ọ̀yọ́ padà, ìlú tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí ní àwọn ọdún 1830. A yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń fín igbá, a kí wọn kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní Fìdítì, ọkọ̀ ńlá kan dúró níwájú wa, ẹni inú rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé, ó ń ná ọsàn pẹ̀lú ariwo láìsọ̀ kalẹ̀. Mo kórìíra irú èyí. Àwọn ọmọ wa bọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó ṣáájú, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ajé á wọgbá o, Ìyá!”

Ìyá náà wò ó lókè-nílẹ̀, ó bi í pé ọmọ ta ni. Lẹ́yìn tí ó ka ọsàn wa tán, ó fi mẹ́ta ṣe èènì.