Zuzana Licko: Obìnrin Tí Ó Fi Yíya Lẹ́tà Ṣe Iṣẹ́ Oòjọ́

Nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí a tẹ̀ sára agolo oúnjẹ ọmọ, ǹjẹ́ ẹ máa ń rántí pé ẹnì kan ni ó jókòó ya àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bí aládìrẹ ti ń ya ọnà sára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń ya ìrísí lẹ́tà ìtẹ̀wé. Fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó ni iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Zuzana Licko wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ àdáṣe.

Ìlú Bratislava ni a ti bí i ní ọdún 1961; ní 1968 ni ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Yunifásítì California ní Berkeley ni ó ti pàdé Rudy VanderLans, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní 1983. Ọlọ́wọ́ òsì ni Zuzana. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ọnà ìkọ̀wé, wọ́n ní dandan ni kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ́, kò sì gbádùn ẹ̀kọ́ náà rárá.

Ní 1984, kọ̀ǹpútà Macintosh jáde. Àwọn oníṣẹ́ ọnà púpọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ rí gánnagànna. Ṣùgbọ́n Zuzana ń to ojú wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, bí a ti ń ka ojú aṣọ nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, títí ó fi ya lẹ́tà tí ó bá ẹ̀rọ náà mu. Ọkọ rẹ̀ ń lò wọ́n nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Emigre. Àwọn tí ó rí wọn sì ń béèrè ibi tí a ti lè rà wọ́n.

Níbí ni ọgbọ́n tọkọtaya náà ti hàn. Wọn kò ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí ó di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ àti lò ó ni wọ́n ń tà. Ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ń mú owó wálé léraléra. Massimo Vignelli, àgbà oníṣẹ́ ọnà, bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn gidigidi. Síbẹ̀, nígbà tí Zuzana gbé lẹ́tà Filosofia jáde ní 1996, òun kan náà ni ó bá wọn ṣe ìwé ìpolówó rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ó ya Mrs Eaves. Sarah Eaves jẹ́ obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ rẹ̀ fi òun àti ọmọ sílẹ̀. Ó di olùtọ́jú ilé fún John Baskerville, atẹ̀wé ní Birmingham, ó sì fẹ́ ẹ ní 1764. Nígbà tí Baskerville kú ní 1775, Sarah ni ó parí ìwé tí ó kù nílẹ̀. Lẹ́tà Baskerville ni Zuzana tún yà, ó sì dín mímú rẹ̀ kù kí ó lè tu ojú lára. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó ni ó fún un, kí òógùn obìnrin náà má baà parun.

Ní 2011, ilé ọnà ìgbàlódé ní New York gba lẹ́tà Oakland, tí Zuzana yà ní 1985, sí ìpamọ́.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọbìnrin yín bá ń fi ọjọ́ gbogbo ya lẹ́tà sára ìwé, ẹ má ṣe pè é ní eré lásán. Èdè tiwa náà ń fẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀: níbi tí ayàlẹ́tà kò bá ti pèsè àmì, ọkọ àti ọkọ̀ a di ọ̀kan náà. Èyí tí ẹ bá sì ń fi ọwọ́ ara yín ṣe nínú ilé, ẹ tà á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ta ẹ̀tọ́ yín mọ́ ọn.