Nígbà tí Bitcoin bá ń ṣe jangilọ́fà: Bí oníṣòwò ṣe lè ṣọ́ owó ẹ̀

Kò sí oníṣòwò kòkó kan ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà-Àkókó tó máa tètè gbàgbé ọdún 2024. Láti 2018 dé 2022, iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín $2,000 sí $3,000. Àfi bó ṣe fò kọjá $10,000 lọ́dún 2024, tó sì tún já wálẹ̀ sísàlẹ̀ $7,000 kí ọdún 2025 tó parí.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló yẹ kí àwọn tó ń fi èrè ọjà wọn ra Bitcoin àtàwọn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn fi sọ́kàn. Owó náà a máa ní àsìkò tí kò ní í lọ sókè títí, tí kò sì ní í já wálẹ̀ pátápátá. Ṣe ni yóò kàn máa ṣe jangilọ́fà láàárín ojú méjì. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá ọdún 2024, nǹkan bíi $50,000 sí $73,000 ni Bitcoin ń rìn sí. Ẹni tó rà á nísàlẹ̀, tó tà á lókè, jèrè, bí ẹni tó ra iṣu nígbà tó pọ̀ lọ́jà, tó tà á nígbà tó wọ́n.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí okùn jangilọ́fà máa já. Láti ìparí oṣù kẹfà ọdún 2022, àárín $18,000 sí $25,000 ni Bitcoin wà fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, FTX, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń ra owó náà, dojú dé. Bitcoin já sísàlẹ̀ $16,000, àwọn tó fi owó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ FTX kò sì rí i gbà nígbà náà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àkọ́kọ́, ẹ ya owó tẹ́ ẹ máa fi ṣe é sọ́tọ̀. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù, owó ilé-ìwé ọmọ àti owó àjọ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ìkejì, kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ti mọ iye tẹ́ ẹ lè pàdánù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́kà ya ₦200,000 sọ́tọ̀, tó sì pinnu pé òun kò ní í pàdánù ju ₦4,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bitcoin ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín $58,000 sí $70,000. Ó fẹ́ rà á ní $59,000, kó sì tà á bó bá já dé $56,050, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. ₦80,000 péré ló yẹ kó fi rà á, nítorí ìdá márùn-ún ₦80,000 ni ₦4,000. Bó bá tà á ní $68,000, èrè ẹ̀ yóò tó ₦12,200 kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́, bí iye dọ́là sí náírà kò bá yí padà.

Àṣẹ tí yóò bá a tà á fúnra ẹ̀ wà lórí fóònù, òun ni wọ́n ń pè ní stop-loss. Àmọ́ bí ọjà bá já lójijì, ó lè tà á ní iye tó kéré sí èyí tó fẹ́.

Ìkẹta, ẹ má ra á ní àárín méjì, nítorí èrè ibẹ̀ kéré, ewu ẹ̀ kò sì dín kù. Ìkẹrin, ẹ má fi owó àyálò ṣe é. Ẹni tó yá owó títí tí tiẹ̀ fi di ìlọ́po mẹ́wàá, bí ọjà bá já ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo owó ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ní ti òfin, oṣù kejì ọdún 2021 ni báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò yìí. Oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n tú u ká. Òfin tuntun ọdún 2025 sì fún àjọ SEC láṣẹ láti máa bójú tó o. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ wọn bóyá ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣe ní ìwé àṣẹ. CBEX tó dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025 kò ní in, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì há síbẹ̀.

Ẹni tí àdánù ₦4,000 bá máa ba oorun ẹ̀ jẹ́, kó yáa fi owó ẹ̀ ra ọjà sí ìsọ̀. Ọjà téèyàn mọ̀ ọ́n tà náà lérè nínú.