Àpáta Olúmọ

Àpáta Olúmọ jẹ́ àpáta gíráníìtì ńlá kan tí ó wà ní àdúgbò Ìkìjà ní ìlú Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ṣóńṣó rẹ̀ fi nǹkan bí mítà 137 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ó jẹ́ ojúbọ, ibi ìtàn àti ibi ìgbafẹ́. Òun sì ni àmì ìdánimọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Abẹ́òkúta títí dé àwọn ìlú bí Ọ̀fàdà àti Òwodé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwodé.

Orúkọ

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé «Olúwa ló mọ ọ́n» ni ó di Olúmọ: kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló mọ àpáta náà. Abẹ́ àti òkúta ni a sì so pọ̀ di orúkọ ìlú. Orúkọ mìíràn tí ìlú náà ń jẹ́, Oko Adágbà, ń tọ́ka sí Adágbà, tí ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé ó ti ń gbé lágbègbè àpáta náà kí àwọn Ẹ̀gbá tó dé.

Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìletò inú igbó ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé. Ní àwọn ọdún 1820, ogun tí ó tẹ̀lé ìṣubú Òwu run àwọn ìletò náà. A kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, àwọn mìíràn sì sá. Ní ọdún 1830, lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, àwọn tí ó ṣẹ́kù tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ Olúmọ. Inú ihò abẹ́ àpáta ni ìsádi wọn. Àwọn kòtò kéékèèké tí wọ́n fi ń lọ ohun jíjẹ ṣì wà lára òkúta níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1834, àwọn Òwu wá dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá.

A sábà máa ń da àkókò yìí pọ̀ mọ́ ogun Dahomey. Nígbà tí ọmọ ogun Ọba Ghezo kọlu Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, àti nígbà tí Dahomey tún padà wá ní ọdún 1864, ìlú náà ti ní odi. Níbi odi ni àwọn Ẹ̀gbá ti ṣẹ́gun, kì í ṣe inú ihò. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìsádi àkọ́kọ́, kì bá tí sí ìlú tí a ó mọ odi yí ká.

Olúmọ lónìí

Ní ọdún 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ni a sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Àtúnṣe ọdún 2006 fi ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, ilé oúnjẹ àti ẹ̀rọ agbéniròkè kún un. Àlejò lè gba orí àtẹ̀gùn tàbí ọ̀nà àárín àpáta. Láti òkè, a ń rí odò Ògùn àti òrùlé páànù ìlú.

Ìjẹ́pàtàkì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà kò mọ ìtàn àwọn tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn. Olúmọ ni a ti lè fojú rí ìtàn náà. Níwọ̀n bí a ti ṣì ń bọ ojúbọ rẹ̀, ó yẹ kí àlejò gba àṣẹ kí ó tó súnmọ́ ọn, kí ó má sì kọ nǹkan sára òkúta. A lè tún àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ ṣe. Kòtò ìlọǹkan inú ihò náà kò ṣeé tún ṣe bí ó bá bàjẹ́.