Paro, Ẹ̀rọ Onírun tó ń Jẹ́ Ìpè Àgbàlagbà

Paro kì í jẹun, kì í ṣu sílé, kì í gé ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ ni. Ọmọ séálì ni wọ́n wò ṣe é, ìyẹn ẹran inú òkun tútù tó máa ń bímọ sórí yìnyín. Irun funfun bò ó láti orí dé ìdí, ojú rẹ̀ tóbi, ó dúdú, ó sì ń dán. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 57, ó wọn nǹkan bíi kílò 2.7, nítorí náà ẹni tó bá gbé e yóò fi apá méjèèjì gbà á mọ́ra bí ẹní gbé ọmọ tuntun. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ti ń lò ó jù, pàápàá fún àwọn tí iyè wọn ti ń ra nítorí àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní dementia.

Takanori Shibata, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jàpáànù, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1993. Ní 2005 ni wọ́n gbé e sí ọjà nílé lọ́hùn-ún, nígbà tó sì di 2009, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kà á mọ́ ohun èlò ìṣègùn. Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò ṣe ajá tàbí ológbò. Shibata ti gbìyànjú ìyẹn náà. Ẹni tó ti sin ajá rí mọ bí ajá ṣe ń sáré pàdé olówó rẹ̀, bó ṣe ń ju ìrù. Bí ajá ẹ̀rọ bá dé iwájú rẹ̀, kíá ni yóò rí ibi tó kù sí. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbé ọmọ séálì lọ́wọ́ rí? Ohun tí Paro bá ṣe ni a óò gbà pé séálì ń ṣe. Igbe rẹ̀ pàápàá, igbe ọmọ séálì gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Kánádà ni.

Abẹ́ irun yẹn ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń mọ ìfọwọ́kàn, títí kan irunmú, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń rọra fọwọ́ pa á lára àti ẹni tó gbá a. Ó ní etí mẹ́ta tó fi ń mọ apá ibi tí ohùn ti wá, kó lè yí orí síbẹ̀. Ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, ó mọ ooru àti òtútù, ó sì mọ̀ bóyá wọ́n gbé e dání tàbí ó wà nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń kó gbogbo èyí jọ, tí yóò wá pàṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ṣí ìpéǹpéjú, tó ń gbé ọrùn sókè tàbí yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń mi lẹbẹ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kò lè rìn. Orí ìtan tàbí orí tábìlì ni ibùjókòó rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ yìí bá kàn ń dáhùn ìfọwọ́kàn nìkan, yóò tètè sú ènìyàn. Ohun tó mú kó dà bí ẹni pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ ni pé ó ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ìṣesí rẹ̀ ní òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́; ó máa ń tòògbé. Ariwo òjijì ń mú un ta gìrì. Ó tún ní ìrántí díẹ̀: ohun tó ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ pa á lára, yóò máa tún un ṣe, ohun tó ṣe kí wọ́n tó gbá a, yóò máa yẹra fún un. Bí ẹ bá ń pè é ní orúkọ kan léraléra, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni Paro ilé kan fi ń yàtọ̀ sí ti ilé kejì.

Kì í sọ̀rọ̀ o, àǹfààní ńlá sì nìyẹn. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń bá a sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ó dà bí ìdánwò fún un: ta ni mí, kí lẹ jẹ lánàá, èwo ni ọjọ́ òní? Paro kò bi í ní nǹkan kan. Kò sí ìdáhùn tó lè ṣì. Ohun kejì tún wà tó wọ̀ mí lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tí wọ́n ń wẹ̀ fún, tí wọ́n ń wọ aṣọ fún, tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Paro bá ké lórí ìtan rẹ̀, tí àgbà náà rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tí igbe náà sì rọlẹ̀, òun ló tọ́jú ẹlòmíràn lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ìwádìí kan tó gbòòrò wáyé ní Queensland ní Ọsirélíà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn 415 tó ní dementia, ní ilé ìtọ́jú 28, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba Paro, àwọn kan gba Paro tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Nínú fídíò tí wọ́n yà, inú àwọn tó gba Paro dùn ju ti àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ, ara wọn sì balẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìwé ìbéèrè díwọ̀n bí ara wọn ṣe balẹ̀ tó, ìyàtọ̀ kò hàn. Láàárín Paro tó ń mira àti èyí tí wọ́n pa, ohun tó hàn gbangba ni pé àwọn èèyàn ń wo èyí tó ń mira, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí a bá gbọ́ iye rẹ̀, nítorí pé nǹkan bíi 6,000 dọ́là ni wọ́n ń ta Paro ní Amẹ́ríkà. Ní 2015 ni ológbò ẹ̀rọ kan jáde, tí owó rẹ̀ nígbà náà kò ju nǹkan bíi 100 dọ́là lọ. Kò ní ìrántí bíi ti Paro, àmọ́ ó ń ké, àyà rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ti ológbò tí ara tù. Ilé ìtọ́jú tí owó rẹ̀ kò tó kò gbọdọ̀ rò pé òun ti pàdánù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó náà ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí Queensland yẹn, wọ́n dìídì fi àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ ni, láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Nínú ìwádìí mìíràn ní Auckland ní New Zealand, àwọn àgbàlagbà jọ jókòó yí Paro ká ni, àbájáde ìwádìí náà ní 2013 sì fi hàn pé ìdánìkanwà dín kù fún wọn. Wọ́n tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju ajá gidi tó wà nínú ilé náà lọ. Ìwádìí méjèèjì kò rí bákan náà, mi ò sì ní so wọ́n pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ tí Paro dá sílẹ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn níye lórí ju ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe lọ.

Àwọn kan kò fara mọ́ ọn rárá. Sherry Turkle, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rù pé a ó fi ẹ̀rọ rọ́pò ọmọ àti aládùúgbò. Robert Sparrow, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ní Ọsirélíà, sọ pé ẹ̀tàn ni láti mú kí àgbàlagbà gbà pé nǹkan tí kò lẹ́mìí fẹ́ràn òun. Mi ò lè kó ọ̀rọ̀ wọn dànù. Ohun tí wọ́n fi ń fa iná sí Paro pàápàá, ọmú rọ́bà tí ọmọdé ń mu ni wọ́n fi ṣe àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbé e wá ni òtítọ́ wà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ní Ìlú Ọba báyìí, irú ẹ̀rọ yìí sì lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí ó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àgbà náà fẹ́ rí i, nítorí àwọn kan yóò kà á sí ìwọ̀sí pé a gbé bèbí fún wọn. Bí ó bá béèrè bóyá Paro lẹ́mìí, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú pé ẹran náà kò tíì jẹun, ẹ rọra gbé e kúrò. Ẹ nu irun rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má sì gbé e síbẹ̀ kí ẹ bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹ jókòó ti àgbà náà. Ní Dẹ́ńmáàkì, níbi tí Paro ti wọ́pọ̀ gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó fún ẹnikẹ́ni. Ó wù mí kí gbogbo ibi tó bá fẹ́ rà á ṣe bẹ́ẹ̀.