Ìdáríjì A Máa Ná Ni Ní Nǹkan: Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Sàró

Nígbà tí ogun bá parí, ṣọ́jà á kó ẹrù rẹ̀, á padà sí bárékè. Àwọn aṣojú ìjọba á fọwọ́ sí ìwé, wọn á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn á ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti iná bọ ilé aládùúgbò rẹ̀ lásìkò ogun, níbo ni yóò padà sí? Abúlé rẹ̀ náà ni. Opó tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Abúlé kan náà ni òun náà wà. Odò kan náà ni àwọn méjèèjì yóò ti máa pọn omi. Ọjà kan náà ni wọn yóò jọ máa ná. Bí wọ́n bá jẹ́ onígbàgbọ́, ó lè jẹ́ pé àga kan náà ni wọn yóò jọ máa jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí ni wọn yóò sọ fún ara wọn?

Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Ohun tó dojú kọ àìmọye ìdílé ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone nìyẹn nígbà tí ogun wọn parí ní 2002. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáhùn ìbéèrè náà, àti iye tó ná wọn, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

ÀWỌN ARÁ SÀRÓ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Sierra Leone yìí ni àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ènìyàn wa kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọmọ Òṣogùn kan wà láàárín wọn, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Freetown ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló ti gba Olúwa gbọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, tó fi di Samuel Ajayi Crowther. Ipa ńlá ni ọkùnrin yìí kó nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Títí di òní, àwọn kan nínú àwọn Krio ti Freetown ṣì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Nígbà tí ogun sì dé, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun ECOMOG tó lọ gbèjà wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn kò padà wálé mọ́. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Sàró, ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ.

OGUN ỌDÚN MỌ́KÀNLÁ

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọdún 1991, ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí a ń pè ní RUF, tí Foday Sankoh jẹ́ olórí wọn, gba ẹnubodè Làìbéríà wọ abúlé Bomaru ní agbègbè Kailahun. Ọdún mọ́kànlá ni ogun náà gbà. Ìṣirò tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn tó kú lé ní 50,000, àwọn tó sá fi ilé wọn sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n gé ọwọ́ àgbà, wọ́n gé ti ọmọdé. Wọ́n jí àwọn ọmọ kéékèèké gbé, wọ́n fún wọn ní ìbọn àti oògùn olóró, wọ́n sì fi ipá mú wọn kí wọ́n ṣe ibi sí àwọn ará ilé tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn. Ọ̀tá kì í ṣe ẹni tó ti òkèèrè wá nìkan. Ọmọ tí a jí gbé ni, ọmọ náà ló sì ṣẹ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ wà nínú agboolé kan náà.

ÌWÉ ÀDÉHÙN, ILÉ ẸJỌ́ ÀTI ÌGBÌMỌ̀

Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kò sùn. Láti 1997 ni àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí ibẹ̀ ti para pọ̀ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ní oṣù Keje 1999, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ìlú Lomé, ní Tógò. Ìwé náà dárí ji gbogbo àwọn tó jagun, ó sì fún Sankoh ní ipò tó bá ti igbákejì ààrẹ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ta ló bi ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ bóyá òun ti dárí jì? Ìwé ló dárí jì, kì í ṣe ènìyàn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 2000, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kó àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbèkùn, tí nǹkan sì tún dàrú. Oṣù Kìíní 2002 ni Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah tó lè kéde pé ogun ti parí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dá Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo jù lọ. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ilé ẹjọ́ náà dá lẹ́bi. Charles Taylor, tó ti jẹ́ ààrẹ Làìbéríà, wà lára wọn. Ẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún ni wọ́n dá fún un ní 2012. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìwà òdodo jẹ́ ti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́sàn-án péré ni, àwọn tó lọ́wọ́ sí i sì wà káàkiri abúlé. Yorùbá sì ti wí pé, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

Wọ́n tún dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Humper ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni alága rẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn ènìyàn lé ní 7,000. Nínú ìròyìn wọn ní 2004, wọ́n sọ ojú abẹ níkòó: dáyámọ́ńdì ló ń bọ́ ogun náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí i. Ìwà ìbàjẹ́, ìṣèjọba burúkú àti ìrẹ́jẹ ọ̀pọ̀ ọdún ló bí i. Iṣẹ́ ńlá ni ìgbìmọ̀ náà ṣe. Síbẹ̀, àwọn ìlú ńlá ni wọ́n ti sábà ń jókòó. Ọ̀pọ̀ ará abúlé ni kò rí ibi tí wọn yóò ti sọ tẹnu wọn.

Ọ̀RỌ̀ ẸBÍ NÍDÌÍ INÁ

Ní 2007, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kan níbẹ̀, John Caulker, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní Fambul Tok. Ní èdè Krio, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Àṣà àtijọ́ ni wọ́n gbé dìde: láyé àwọn baba wọn, bí ìjà bá wà, àwọn ará ilé á jókòó yí iná ká lálẹ́, wọn á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bomaru, níbi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti dá iná àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, 2008.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í déédéé dé abúlé kí wọ́n ní kí ènìyàn dárí jini. Wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn ará ìlú bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ láàárín ara wọn: olóyè, ìyá ọjà, ọ̀dọ́, pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù. Àwọn wọ̀nyí á lọ bá ẹni tí a ṣẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ nílé wọn, wọn á múra ọkàn wọn sílẹ̀. Nígbà tó bá di alẹ́ tí a dá, wọ́n á dá iná ńlá. Ẹni tí a ṣẹ̀ á bọ́ síta, á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tó ṣẹ̀ náà á bọ́ síta, á jẹ́wọ́, á tọrọ àforíjì lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa dá oko àjọṣe, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, àwọn obìnrin á sì dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá alálàáfíà sílẹ̀.

Fíìmù kan tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ jáde ní 2011. Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jọ dàgbà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ipá mú ọ̀kan nínú wọn láti lu èkejì ní àlùbami, kí ó sì pa baba rẹ̀. Ogun parí, àwọn méjèèjì ń gbé abúlé kan náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí iná yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ síta. Ẹni tó ṣẹ̀ wólẹ̀, èkejì sì dárí jì í.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, “Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe pé wọ́n tún máa ń ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn babańlá wọn?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń wà nínú ètò náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwa tí a gba Ìwé Mímọ́ gbọ́ kò lè bá wọn ṣe ìyẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń wẹni mọ́. Ṣùgbọ́n jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí a ṣẹ̀, ta ló ni ín bí kò ṣe Olúwa wa? Òun ló ní kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa làjà (Mátíù 5:23-24).

OHUN TÍ ỌPỌ̀ KÌ Í SỌ

Nísinsìnyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní 2016, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Jacobus Cilliers, Oeindrila Dube àti Bilal Siddiqi, tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Science. Abúlé 200 ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sì lé ní 2,000. Wọ́n fi àwọn abúlé tí ètò Fambul Tok ti dé wé àwọn tí kò tí ì dé. Kí ni wọ́n rí? Níbi tí ètò náà dé, àwọn ènìyàn dárí ji ara wọn ju ti ibòmíràn lọ. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn sí i, wọ́n ní ọ̀rẹ́ sí i, wọ́n sì ń dá owó fún iṣẹ́ ìlú sí i. Ẹ yin Olúwa!

Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ohun mìíràn. Ní àwọn abúlé yẹn kan náà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ sí i, àníyàn pọ̀ sí i, ìpayà ogun tún padà wá sí ọkàn àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù méje, èyí àti ìdáríjì náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìlú jèrè, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi ìrora ọkàn san án. Nígbà tí wọ́n tú ọgbẹ́ àtijọ́, alẹ́ kan péré kò tó láti wò ó sàn.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rẹ́ni bá ṣeré. Òtítọ́ ni fún ìjà kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ìdáríjì kò túmọ̀ sí pé kò dùn wá mọ́.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Ó dárí ji àwọn arákùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó rán wọn létí pé wọ́n tà á, ó sì sọkún títí àwọn ará Íjíbítì fi gbọ́ (Gẹ́nẹ́sísì 45). Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, nígbà tí baba wọn kú, ẹ̀rù tún ba àwọn arákùnrin rẹ̀ pé yóò gbẹ̀san. Jósẹ́fù tún sọkún, ó tún tù wọ́n nínú, ó sì ṣèlérí láti máa bọ́ àwọn àti ọmọ wọn (Gẹ́nẹ́sísì 50). Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣe iṣẹ́ ìlàjà kan náà.

KÍ NI ÀWA YÓÒ ṢE?

A ti rí ìjà agbègbè sí agbègbè nílẹ̀ wa náà. Ẹni tó bá rántí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìjà ilẹ̀, ìjà oyè àti ìjà ogún sì wà nínú àwọn ìdílé tó ń ka ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan mẹ́rin lọ sílé.

1. Ẹ má ṣe fi ipá gba ìdáríjì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí arábìnrin kan bá ń sunkún lórí ohun tí wọ́n ṣe sí i, kí a má ṣe sọ pé, “Ṣebí ọmọ Ọlọ́run ni ọ́, gbàgbé ẹ̀.” Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Ní Fambul Tok, a máa ń lọ sílé ẹni náà kí alẹ́ iná tó dé.

2. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kí ó rìn. Kí ó dárúkọ ohun tó ṣe gan-an. “Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú” kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Kí ó sì fi ọwọ́ ṣe àtúnṣe bí Sákéù ti ṣe, ẹni tó dá ohun tó rẹ́ni jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin (Lúùkù 19). Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan òfin ìlú, kí ìjọ má ṣe bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìlàjà.

3. Ẹ má ṣe fi ẹni tó dárí jini sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìmọ́ra. Ibí yìí ni ìwádìí náà ti bá ìjọ wí jù. Lẹ́yìn tí a bá ti pàtẹ́wọ́ tán, tí a ti gbàdúrà tán, ta ni yóò kàn sí arábìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ta ni yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní òru tí oorun kọ̀? Ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún kan, ó kéré tán. Bí ó bá nílò dókítà tó mọ̀ nípa àárẹ̀ ọkàn, ẹ mú un lọ. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

4. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí i bí a ti ń parí ìjà. Bí bàbá bá ṣẹ màmá níwájú ọmọ, kí ó bẹ̀ ẹ́ níwájú ọmọ. Ọmọ tí kò rí àgbàlagbà tó tọrọ àforíjì rí, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Ẹ̀yin ará, ìdáríjì tí àwa rí gbà ná Ọlọ́run ní Ọmọ bíbí Rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé yóò ná ènìyàn ní nǹkan pẹ̀lú. Ohun tó yẹ wá ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń san án dá a san. Bí a bá bá a gbé e, a ó mú òfin Kristi ṣẹ (Gálátíà 6:2).

Kí Olúwa fún wa ní ẹnu tí yóò sọ òtítọ́, etí tí yóò gbọ́ ọ dópin, àti ẹsẹ̀ tí yóò padà lọ bẹ ẹni tó farapa wò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.