Bí Ilẹ̀ Bá Ṣípò, Níbo Ni Ààlà Wà?

Kò sí ohun tí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé bí ilẹ̀. Owó a máa tán, ilé a máa wó, ṣùgbọ́n ibi tí baba fi ilẹ̀ sí ni àwọn ọmọ ń bá a. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe ń gbin pèrègún sí ojú ààlà oko, tí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ òde òní sì ń ri òpó símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí, bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tí a ri òpó náà sí ni ó ń rìn? Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe àlọ́.

Òde ayé tí a ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi kan. Ó pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ ńlá wọ̀nyí sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ilẹ̀ Ọsirélíà wà lórí rẹ̀ ń sún ní bí sẹ̀ǹtímítà 7 lọ́dọọdún sí agbedeméjì àríwá àti ìlà oòrùn. Ìbú ìka mẹ́rin péré ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn nọ́ńbà tí ìjọba ibẹ̀ fi tọ́ka sí ipò ibi gbogbo, ti ọdún 1994 ni wọ́n jẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, ilẹ̀ náà ti fi nǹkan bí mítà 1.8 kúrò lórí wọn. Ẹ̀rọ tí ń gba ìwọ̀n láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ń sọ ipò ti òní, àwòrán ilẹ̀ sì ń sọ ti àtijọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe ètò ìwọ̀n tuntun, tí a kà sí ọdún 2020.

Síbẹ̀, aládùúgbò kan kò tìtorí èyí gba ilẹ̀ ẹnì kejì. Bí ènìyàn méjì bá jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà, bí ó ti wù kí ọkọ̀ náà rìn tó, àyè tí ń bẹ láàárín wọn kò yí padà. Igi tí ó wà létí odò nìkan ni ó mọ̀ pé wọ́n ti ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa náà: ilẹ̀ Yorùbá ń bá awẹ́ ti Áfíríkà lọ ní bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún, èyí tí í ṣe bí mítà 1 ní 40 ọdún.

Ibi tí awẹ́ méjì gbé fẹnu kanra ni wàhálà wà. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ a há fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì já lójijì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí ìsẹ̀lẹ̀ ńlá ṣẹ̀ ní Jàpáànù, ilẹ̀ Oshika létí òkun ṣí ní mítà 5.3, ó sì rì ní mítà 1.2. Àmì tí ń bẹ ní Tokyo, tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè náà, sún ní bí sẹ̀ǹtímítà 27, bí ó tilẹ̀ jìnnà réré sí ibẹ̀. Àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní láti tún nọ́ńbà wọn kọ.

Ṣùgbọ́n ní New Zealand ni ọ̀ràn náà gbé dé ẹnu ọ̀nà onílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ilẹ̀ ya ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Canterbury, apá kan sì yọ̀ kọjá èkejì, ní ibòmíràn tó bí mítà 5, títí ọgbà àti ọ̀nà tí ó tọ́ fi wọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2011, òmíràn pa ènìyàn 185 ní ìlú Christchurch àti agbègbè rẹ̀. Létí odò, iyanrìn pò mọ́ omi, ilẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, ó sì ń yọ́ lọ sí ìhà odò. Ti ẹnì kan rìn púpọ̀, ti ẹnì kejì rìn díẹ̀. Wọn kò sí nínú ọkọ̀ kan náà mọ́.

Àríyànjiyàn wá dé. Bí a bá tẹ̀ lé nọ́ńbà inú ìwé, ààlà lè gba inú ilé aládùúgbò kọjá. Bí a bá tẹ̀ lé ilẹ̀, ọgbà kan lè fẹ̀, kí òmíràn sì dín. Òye àtijọ́ ni pé bí ilẹ̀ bá ṣí láti ìsàlẹ̀ jíjìn, ààlà a bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òkè ilẹ̀ nìkan ni ó yọ̀, ààlà kò ṣí. Ti Christchurch kò fara jọ ọ̀kan pátápátá. Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin yanjú rẹ̀: ààlà bá ilẹ̀ lọ, àfi níbi tí òkè ti ya lulẹ̀. Àwọn ènìyàn sì lè máa gbé nínú ọgbà tí wọ́n mọ̀ sí tiwọn.

Ẹ̀kọ́ kan ń bẹ níhìn-ín fún gbogbo ẹni tí ó ní ilẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀ nọ́ńbà ni ó ń mú kí ìwọ̀n péye. Nọ́ńbà tí kò ní ọdún dà bí lẹ́tà tí a kò kọ ọjọ́ sí. Bí ẹ bá pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ẹ béèrè ètò ìwọ̀n tí ó lò àti ọdún tí a kà á sí, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ yín. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú òpó àtijọ́ nítorí pé ẹ̀rọ tuntun ti dé: ní New Zealand àti ní Ọsirélíà, òpó àkọ́kọ́ tí a bá láìyẹsẹ̀ níbi tí a rì í sí a máa borí ìwọ̀n inú ìwé. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí ojú ààlà, kí ẹ fi òpó àti pèrègún hàn wọ́n, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.